Ṣé Wáìnì Dídùn Ni Ti Ẹni Tí Kò Mọ Ọtí?

Arábìnrin kan ní Ṣómólú ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Màmá wọn yóò pé ẹni 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, àwọn sì ni ẹbí fa ètò ọtí lé lọ́wọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ tí wọ́n ṣe kọjá, wáìnì pupa kan tí kò ní adùn rárá ni wọ́n rà, torí àbúrò ọkọ wọn ní ẹni tí kò mọ ọtí ló ń mu wáìnì dídùn. Ẹni tó tà á fún wọn ní Òkè-Àrìn náà búra pé ohun tí àwọn ọlọ́lá ń mu nìyẹn. Nígbà tí òde tú, gíláàsì tó kún dé ìdajì ló kù nílẹ̀ káàkiri orí tábìlì. Wọ́n wá béèrè pé: “Ṣé ahọ́n tiwa ni kò mọ ohun tó dáa ni? Báwo ni mo ṣe lè tọ́ ọtí wò fúnra mi kí n tó ra páálí, kí n má baà da owó Màmá sí gọ́tà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ti ọtí líle náà fún mi, torí wọ́n ní ayédèrú pọ̀ nígboro.”

Ẹ kú ìmúra, arábìnrin wa. Màmá á pẹ́ fún yín, ọjọ́ náà á sì yẹ wọ́n.

Kò sí ohun tó ṣe ahọ́n àwọn àlejò yín. Oúnjẹ tó wà níwájú wọn ni ọtí yẹn kò bá mu. Ẹ rántí ohun tí a sábà ń gbé kalẹ̀ níbi ìnáwó l’Ékòó: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín tí wọ́n fi ata yí, àsun, ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ayamáṣe. Ata ni gbogbo rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ata tí wọ́n ń pè ní capsaicin. Kì í jó ẹnu ní ti gidi. Ibi tí ẹnu fi ń mọ̀ pé nǹkan gbóná ló ń fọwọ́ bà, ọpọlọ á sì gbà pé iná ti dé. Ibẹ̀ kan náà ni ọtí ń fọwọ́ bà. Tí ẹnì kan bá wá jẹ àsun tán, tó gbé wáìnì tí agbára rẹ̀ tó 14% lé e, epo ló dà síná yẹn.

Wáìnì pupa tí kò dùn tún ní ohun kejì, ìyẹn táníìnì. Ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá, torí àti èèpo ni wọ́n jọ ń rẹ omi èso náà títí yóò fi di ọtí. Ẹni tó bá ti jẹ èso kajú rí ti mọ iṣẹ́ táníìnì láìmọ orúkọ rẹ̀: ó ń fún ẹnu pọ̀, ó ń gbẹ itọ́ lórí ahọ́n, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá le. Obì náà ní i. Tó bá pàdé ọ̀rá ẹran tí kò ní ata púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi ń gbé e ti ẹran màlúù tí wọ́n yan. Tó bá pàdé ata rodo, kíkorò rẹ̀ ló ń jáde.

Adùn ló ń pẹ̀tù sí ata. Kì í ṣe àṣà wa nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn amòye wáìnì lókè òkun, tí wọ́n bá fẹ́ fi ọtí ti oúnjẹ Thailand tàbí ti Íńdíà tó ta, wáìnì Riesling láti Jámánì tó ní adùn díẹ̀ lára, tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe níbi ìnáwó láti ọjọ́ pípẹ́ bá ìmọ̀ mu.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé gbogbo wáìnì dídùn ló dáa o. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀.

Ohun tó ń ya wáìnì dídùn tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára omi ṣúgà ni ìkan, ìyẹn bó ṣe ń kan, tó wà lábẹ́ adùn rẹ̀. Ẹ mú àgbálùmọ̀ bí àpẹẹrẹ. Èyí tó dùn ṣùgbọ́n tí kò kan, ẹ ò ní í ra á lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó kan ṣáá tí kò dùn, ọmọdé nìkan ló ń fi í ṣeré. Èyí tí a ń wá kiri nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé ni èyí tí adùn rẹ̀ kọ́kọ́ gba ẹnu, tí ìkan rẹ̀ wá tẹ̀lé e, tí itọ́ ń sun ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí ọwọ́ sì ń pa dà sínú abọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí wáìnì dídùn ṣe. Ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e mì, kí ẹ sì dákẹ́. Tí itọ́ bá sun, ìkan wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹnu á sì fẹ́ òmíràn. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ètè ń lẹ̀, tí ọ̀fun ń fẹ́ omi tútù láti fi ṣan adùn náà kúrò, ẹ gbé ìgò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò ní í mu gíláàsì kejì nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ní ọjà, ẹ ò lè ṣí ìgò wò. Ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. “Dry” túmọ̀ sí pé kò ní adùn, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. “Natural Sweet”, tó wọ́pọ̀ lára ìgò South Africa, túmọ̀ sí pé ó dùn. Ọ̀rọ̀ orí ìgò wáìnì tó ń hó, irú bíi ṣàǹpéènì, ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: “Brut” kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 12 ṣúgà nínú lítà kan, “Extra Dry” wà láàárín 12 sí 17, “Demi-Sec” wà láàárín 32 sí 50. Ẹ rí i pé “Extra Dry” dùn ju “Brut” lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wáìnì tó ń hó tó máa bá ata mu, “Demi-Sec” ni kí ẹ wá. Moscato d’Asti láti Ítálì náà dáa fún iṣẹ́ yìí: ó dùn, ó kan, agbára rẹ̀ kì í sì í kọjá 6.5%. Èyí ṣe pàtàkì níbi ìnáwó tí èèyàn á ti jókòó láti ọ̀sán di alẹ́. Ìdí tí agbára rẹ̀ fi kéré ni pé wọ́n dá ìwúkàrà dúró kó tó jẹ ṣúgà tán. Ṣúgà tí kò jẹ ni adùn tó kù sílẹ̀, ṣúgà tó bá sì jẹ ló ń di ọtí.

Ó tún yẹ kí ẹ wò ó dáadáa bóyá ọtí wà nínú ìgò náà rárá. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní wáìnì nílé ìjọsìn àti níbi ìnáwó l’Ékòó jẹ́ omi èso tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí. Kò burú, ẹ ó nílò rẹ̀ fún àwọn tí kì í mutí, àmọ́ ẹ má ṣe rà á ní owó ọtí.

Ó wá ku ìtọ́wò. Ẹ ra ìgò mẹ́ta tí iye owó wọn kò jọra, kí méjì jẹ́ dídùn, kí ọ̀kan jẹ́ èyí tí àbúrò ọkọ yín fọwọ́ sí. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fíríìjì láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, kí ọmọ kan nínú ilé fi láílọ́ọ̀nù dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń di nǹkan ọjà, wé ìgò kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ọrùn, kó fi rọ́bà dè é, kó sì kọ nọ́ńbà sí i. Kí ọmọ yẹn nìkan mọ èwo ni èwo. Ẹ pe àbúrò ọkọ yín náà, pẹ̀lú ẹni méjì mẹ́ta tí ẹnu wọn kì í parọ́. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà wà níbẹ̀, torí àwọn ló ni òde Màmá.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ láílọ́ọ̀nù ni pé ojú máa ń sọ fún ẹnu ohun tó yẹ kó gbọ́. Lọ́dún 2001, àwọn olùwádìí kan ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé gbé wáìnì funfun kan fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ nípa ìpọntí, wọ́n ti fi àwọ̀ tí kò ní òórùn sọ ọ́ di pupa. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe wáìnì pupa ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ni o! Lóṣù karùn-ún ọdún 1976, ní Párísì, wọ́n bo ojú ìgò wáìnì Faransé àti ti California fún àwọn adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Faransé, àwọn tó mọ iṣẹ́ dé góńgó. Ti California ló gbégbá orókè nínú funfun àti nínú pupa. Bí wọ́n bá rí orúkọ ni, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ìbá rí bẹ́ẹ̀. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun tí ọlọ́lá ń mu nìyí, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bo orúkọ náà.

Ẹ bu díẹ̀díẹ̀ sínú gíláàsì, kó má kọjá ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, kí òórùn lè ráyè. Gíláàsì ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe lo ife oníke. Ẹ fi ọwọ́ yí gíláàsì náà po lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ sún imú mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ ohun àkọ́kọ́ tó bá wá sọ́kàn yín. Ẹ má wá orúkọ èso òyìnbó tí ẹ ò jẹ rí. Ìyeyè, ọ̀pẹ̀yìnbó, máńgòrò tó pọ́n, sóbò, ewé tíì tútù, èèpo igi tí òjò rọ̀ sí: ohun tí imú yín mọ̀ nìyí, ohun náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Wáìnì Sauvignon Blanc, ní tèmi, òórùn gúáfà ni mo sábà máa ń gbọ́ lára rẹ̀, àwọn òyìnbó tó mọ gúáfà náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá mu ẹnu kan. Ẹ jẹ́ kó yí gbogbo ẹnu ká kó tó lọ sọ́fun. Nígbà tí ẹ bá gbé e mì, ẹ máa ka ení, èjì nínú ọkàn yín títí adùn rẹ̀ á fi parẹ́. Ọtí tó bá ti parẹ́ kí ẹ tó ka ẹ̀ta, kò ní nǹkan púpọ̀ nínú. Èyí tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà tí ẹ ka ẹ̀wá, iṣẹ́ wà lára rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìgbà kejì ló ṣe kókó jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Ẹ gbé oúnjẹ wá, ìrẹsì àti ẹran tó ní ata bó ṣe máa rí lọ́jọ́ náà gan-an. Kí oníkálukú jẹ ṣíbí méjì, kó wá tún mu ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ ó rí i pé ìdájọ́ á yí pa dà. Èyí tí ẹnu gbà nígbà tí kò sí oúnjẹ lè di kíkorò, èyí tó jọ pé adùn rẹ̀ ti pọ̀ jù lè wá bá oúnjẹ náà mu gẹ́lẹ́. Ìdájọ́ ìgbà kejì yìí ni kí ẹ fi ra páálí. Tí àbúrò ọkọ yín bá ṣì fi ọwọ́ sí tirẹ̀ lẹ́yìn ata, a jẹ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ra ìgò méjì sílẹ̀ fún òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹran tí kò ní ata púpọ̀ wà lórí tábìlì wọn.

Ooru ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀tá báyìí, torí òun ló ń ba wáìnì jẹ́ l’Ékòó ju ohunkóhun mìíràn lọ. Wáìnì fẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun sí ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, bíi 12 sí 15 ní orí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sán Èkó máa ń kọjá 30. Ṣáájú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti jókòó nínú kọ̀ǹtẹ́nà irin lábẹ́ oòrùn ní èbúté, ó ti wọ ọkọ̀, ó ti wọ ìsọ̀ tí kò ní fèrèsé. Ìdí nìyí tí ìgò kan náà, tí a rà níbi méjì, fi lè ní ìtọ́wò méjì, tí ẹni tó pọn ọtí á sì máa gba èébú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé Òkè-Àrìn tàbí ibi yòówù tí ẹ ti fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n to páálí sí. Ẹ má ra ìgò tí wọ́n tò síta kó lè máa dán lójú oòrùn láti fi pe oníbàárà. Oòrùn nìkan lè ba òórùn ọtí inú ìgò funfun jẹ́, kó máa rùn bí ẹ̀fọ́ sísè. Ẹ ní kí wọ́n mú tinú lọ́hùn-ún wá. Ẹ gbé ìgò náà sókè: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀. Tí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí sókè lábẹ́ ìwé tó bò ó, tàbí tí ọtí ti sun jáde tó lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, ooru ti tì í láti inú wá nìyẹn. Ẹ dá a pa dà. Ẹ wo bí ọtí ṣe ga tó nínú ọrùn ìgò náà, kí wọ́n dọ́gba nínú páálí kan. Wáìnì funfun àti aláwọ̀ osùn tó rọ̀ (rosé), ẹ mú èyí tí ọdún tó wà lára rẹ̀ kò tíì jìnnà. “Ọtí tó pẹ́ ló dáa” kì í ṣe òótọ́ fún wáìnì tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n pọn ọ́n kí a lè tètè mu ún ni. Èyí tó ti di àwọ̀ igi láàárín funfun, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Tí ẹ bá ti ṣí i nílé, imú á sọ ìyókù. Òórùn páálí tí òjò pa, àìsàn kọ́ọ̀kì ni. Òórùn fínígà, tàbí ti nǹkan tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, ó ti ń kan lọ ní ọ̀nà tí kò yẹ nìyẹn, bí ẹmu àná ṣe ń ṣe. Òórùn èso tí wọ́n sè títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, ooru ni. Kò sí èyí tó máa pa èèyàn nínú wọn, àmọ́ kò sí èyí tó yẹ kí ẹ gbé fún àlejò.

Lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wáìnì pupa kì í wọ yìnyín. Ìlú òtútù ni òfin yẹn ti wá, níbi tí inú yàrá ti tutù, tí wáìnì pupa ń wà ní bíi 16 sí 18. Ní gbọ̀ngán Sùúrùlérè tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé fáànù, agbára ọtí inú rẹ̀ ló máa ń gba ẹnu, adùn rẹ̀ ò ní í hàn. Ẹ kó ìgò pupa sínú kúlà tó ní yìnyín àti omi fún bí ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ má gbàgbé omi o, torí yìnyín tó wà nínú omi ń tètè mú ìgò tutù ju yìnyín tí kò sí omi nínú rẹ̀ lọ. Funfun àti èyí tó ń hó ní tiwọn, kí wọ́n wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bù ú.

Ní ti ọtí líle, ọ̀nà ìtọ́wò rẹ̀ yàtọ̀. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó 40%, torí náà ẹ má ti imú bọ gíláàsì. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, ẹ la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbóòórùn, òórùn ọtí ò ní í gún yín nímú. Ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ sí i. Omi kì í ba wisikí jẹ́, ńṣe ló ń tú òórùn rẹ̀ sílẹ̀. Bourbon, ìyẹn wisikí Amẹ́ríkà, tí òfin ní kó sùn nínú àgbá igi oak tuntun tí wọ́n fi iná jó nínú, òórùn àgbọn àti fàníílà ni ẹ ó gbọ́. Wisikí Scotland gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 ó kéré tán nínú àgbá kí wọ́n tó mú un jáde, ọ̀pọ̀ sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Cognac, tí Èkó fẹ́ràn jù, wáìnì funfun ni wọ́n sè lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà: “VS” ti lo ọdún 2 ó kéré tán nínú àgbá, “VSOP” 4, “XO” 10. Inú àgbá nìkan ló ti ń dàgbà. Ìgò tí bàbá kan ti tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ogún ọdún kò fi ọjọ́ kan dàgbà sí i. Àwọ̀ dúdú pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí, torí òfin gbà wọ́n láyè láti fi karamẹ́ẹ̀lì ṣe àwọ̀ ọtí náà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tọ́ ọtí líle wò máa ń ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ kán ọtí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á pọ̀ títí tí yóò fi gbẹ, kí ẹ wá gbóòórùn ọwọ́ náà. Ọtí ti fò lọ, ohun tí wọ́n fi ṣe é ló kù. Ti wisikí gidi, òórùn ọkà àti igi ló máa ń wà lọ́wọ́. Cognac á máa rùn bí èso gbígbẹ. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀sẹ́ǹsì àti àwọ̀ lú, ọwọ́ á máa lẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan súwíìtì, tàbí kí òórùn má kù rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi níbí yìí. Àtẹ́lẹwọ́ àti ahọ́n lè mọ ọtí tí kò dáa, wọn ò lè mọ ọtí tó lè pani. Methanol, tó jẹ́ àbúrò ọtí tí a ń mu, òórùn àti ìtọ́wò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ọtí gidi. Lọ́dún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ pa èèyàn, ó sì ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers náà lọ́dún kan náà. Nínú ara, methanol ń di ásíìdì tó ń ba ojú jẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá mutí, tó wá di ọjọ́ kejì tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, ẹ má sọ pé ọtí ló ṣì wà lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní kí ẹ gba ọtí líle tí wọ́n bù sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò omi wá síbi ìnáwó Màmá, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá jẹ́ ará ilé tó. Ògógóró fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Ẹmu tí wọ́n sè ni, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti ògùrọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà tó bá dára, òyìnbó amúnisìn ló fi òfin dè é nígbà kan tí wọ́n sì ń pè é ní ọtí tí kò bófin mu. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ti ń sè é, tí wọ́n ń dí i sínú ìgò pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC. Irú ìyẹn ni kí ẹ rà, tí àwọn àgbà bá bèèrè fún un.

Ayédèrú tí ẹ ń bẹ̀rù, inú ìgò gidi ló máa ń wà. Àwọn tó ń ṣe é ń ra òfìfo ìgò Hennessy àti wisikí olówó gọbọi lẹ́yìn òde, wọ́n á rọ ayédèrú ọtí kún un, wọ́n á lẹ ìdérí tuntun mọ́ ọn. Torí náà ẹ wo ọrùn ìgò náà: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ike kékeré lẹ́nu tó ń jẹ́ kí ọtí jáde, tí kì í jẹ́ kó wọlé pa dà. Tí ike yẹn bá mì, tí àmì bá wà pé wọ́n fi irin yọ ọ́, ẹ má rà á. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò wé ara wọn nínú páálí kan náà, ẹ wo bí gọ́ọ̀mù lébẹ́ẹ̀lì ṣe rí. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ìsọ̀ àti fóònù. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ rìsíìtì, ẹ yẹra fún un. Nígbà tí òde Màmá bá tú, ẹ yan ọ̀dọ́kùnrin kan láti máa fi ọ̀bẹ họ lébẹ́ẹ̀lì kúrò lára gbogbo òfìfo ìgò ọtí líle, kó sì máa sọ ìdérí wọn nù lọ́tọ̀. Ìgò tí a họ lára kò wúlò fún wọn mọ́.

Ní ti iye, ìgò wáìnì kan jẹ́ 750 mílílítà, ó máa bu gíláàsì márùn-ún tó pé. Ẹ yọ àwọn tí kì í mutí kúrò nínú àlejò, kí ẹ sì ka gíláàsì méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kù. Fún 100 èèyàn tó ń mutí, 40 ìgò ni, kí dídùn tó 30 nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá oníṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ pé ẹ ó dá páálí tí ẹ kò bá ṣí pa dà, kó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Nígbà tí páálí bá délé, ẹ ṣí ìgò kan nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ tọ́ wò. Tí kò bá bá a mu, ẹ ṣì ní àyè láti pààrọ̀ rẹ̀.